Ihò Tí A Fọwọ́ Ara Wa Lu

Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Ràṣídátù ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kí ó bá ọ nínú yàrá tí o jókòó sí ka ìwé yìí, kí ó sì bá ọ dé ọ́fíìsì yín lọ́jọ́ Ajé. Ara wa le. Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá o ń jẹun dáadáa, mo sì ti bi ọ́ báyìí, kí ó má baà sọ pé mi ò jíṣẹ́.

O mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni tó ń kọ lẹ́tà. Láti ìgbà tí o ti ra fóònù fún mi, bí mo bá ti ní "ẹ ǹlẹ́ o" sínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ mi ti tán. Ṣùgbọ́n ẹkún tí o sun sí mi létí nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kò jẹ́ kí n lè sọ ohun tó wà nínú mi. Ìdí nìyí tí mo fi ra bébà, tí mo wá jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù láàárín ilẹ̀kùn mẹ́ta tí mi ò tíì kùn. Awakọ̀ kan tó ń ná Ìbàdàn ti ṣèlérí pé òun máa gbé ìwé yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́jọ́ Àìkú, kí o lè kà á kí ẹ tó ṣe ìpàdé yín lọ́jọ́ Ajé.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ, kí o lè mọ̀ bóyá ó yé mi. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà ọ́ sí lóṣù márùn-ún sẹ́yìn ni pé kí ẹ máa wá ibi tó ń jò nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé iṣẹ́ yín, kí ẹ sì dí i kí olè tó rí i. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ẹ̀yin lẹ wá ń gba owó oṣù láti máa wo ẹnu ògiri. Àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn bíi mélòó kan ló wà lọ́wọ́ yín: aboyún, onítọ̀ ṣúgà, ẹni tó ní àrùn tí kò fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ gbọ́.

Nígbà tí o lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀, o ṣí ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà ńlá tí àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn wà, kí o lè máa ti ilé rẹ dán iṣẹ́ wò nígbà tí òjò kò jẹ́ kí o jáde. Ọjọ́ méjì péré lo fẹ́ fi lò ó. Iṣẹ́ mìíràn dé, o gbàgbé. Orúkọ tí o sì fi wọlé lọ ṣí i kì í ṣe orúkọ rẹ. Orúkọ ìdánwò tí wọ́n fún Démọ́lá ni, tí gbogbo yín ń yá lò nítorí pé pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ kò ṣòroó rántí. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ọ̀gá yín rí ilẹ̀kùn náà, ó sì rí i pé àwọn kan ti ń ti ìta kànkùn níbẹ̀ lemọ́lemọ́. Ó ti ilẹ̀kùn náà lójú ẹsẹ̀. Ó wo orúkọ tó wà lára rẹ̀, ó sì sọ níṣojú gbogbo ọ́fíìsì pé Démọ́lá ni aláìbìkítà tó fẹ́ tú àṣírí aláìsàn, kí ó lọ jókòó sílé títí wọn ó fi ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Démọ́lá ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Wọn ò gbà á gbọ́. Ìwọ wà níbẹ̀, o kò sọ̀rọ̀. O wá ń bi mí pé, "Bàbá mi, ṣé kí n dákẹ́ ni, àbí kí lẹ rí sí i?"

Démọ́lá! Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè tí ẹ jọ kàwé, ọmọ Aládùúrà, tó ti ṣọ́ọ̀ṣì wá bá wa jẹ Iléyá pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́rùn àti ẹsẹ̀ lásán, tí ìyá rẹ ń sáré wá bàtà kiri fún kó tó yé e pé ìgbàgbọ́ ọmọ náà ni. Ó jẹ ẹran jù mí lọ lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn.

Ìdáhùn mi nìyí kí n tó sọ ìdí rẹ̀: má dákẹ́.

Bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ sọ, mi ò ní ra bébà. Fara balẹ̀.

Àkọ́kọ́, má pa nǹkan kan rẹ́. O sọ fún mi pé àmì ohun tí o ṣe ṣì wà lára kọ̀ǹpútà tìrẹ, àti pé o lè nù ún kúrò kí ẹnikẹ́ni tó wò ó. O sọ ọ́ wéréwéré bí ẹni pé mi ò ní gbọ́, mo sì gbọ́ ọ. Ọmọ mi, mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ ọ́, má fọwọ́ kàn án. Mo mọ ohun tí mo ń sọ, nítorí pé èmi náà ti nu irú rẹ̀ rí.

O mọ̀ mí ní káfíńtà tó ń ṣe ilẹ̀kùn. O mọ̀ pé Ìbíadé ni wọ́n bí mi sí, o sì mọ̀ pé mo ti kan ọkọ̀ ojú omi rí. Bí ẹ bá bi mí ìdí tí mo fi fi ọkọ̀ sílẹ̀, mo máa ń ní pákó Ìjẹ̀bú-Igbó ló wù mí. Irọ́ ni.

Mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí à ń pè ní Bàbá Lámídì, Ọlọ́hun kẹ́ wọn. Òfin kan wà lọ́dọ̀ wọn: bí a bá tún ọkọ̀ ṣe tán, ẹni tó tún un ṣe ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. A ó kó àpò yanrìn sínú rẹ̀ tó ìwọ̀n ẹrù ọjọ́ ọjà, oníṣẹ́ yóò jókòó pẹrẹsẹ sáàárín, a ó tì í sójú omi, yóò sì wà níbẹ̀ títí ẹni tó ni ọkọ̀ yóò fi jẹun tán ní èbúté. Bí ṣòkòtò rẹ̀ bá tutù, iṣẹ́ kò tíì tán. Àwọn oníbàárà wa kan wà tí wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹun pẹ́.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ọkọ̀ kan wá kí n wò ó. Mo fura sí pákó kan ní ìsàlẹ̀. Ohun tí à ń ṣe sí irú pákó bẹ́ẹ̀ ni pé a ó fi irin ṣóńṣó lu ihò kékeré sí i, kí a mọ̀ bóyá inú rẹ̀ ti jẹrà. Bí inú rẹ̀ bá le, a ó gbẹ́ igi kékeré, a ó kàn án wọnú ihò náà kí ó há, a ó wá fi ọ̀dà dúdú tí a yọ́ lórí iná kùn ún lórí. Mo lu ihò náà. Pákó le koko, kò sí ohun tó ṣe é. Ihò tèmi nìkan ni àìsàn tó ní. Mo kàn fi ọ̀dà lásán dí i, mo ní bó bá di ọ̀la, n ó fi igi sí i.

Ṣé o fẹ́ mọ ohun tó ń lé mi? Bọ́ọ̀lù ni. Àwọn ọmọ Ìbíadé fẹ́ bá abúlé kejì gbá bọ́ọ̀lù, èmi sì ni gólì wọn. Mo fi ihò sílẹ̀, mo lọ ń ṣọ́ ojú ilé. Wọ́n sì gbá mẹ́rin wọlé fún mi. Nígbà tí ọ̀gá mi bi mí bóyá mo ti wọ ọkọ̀ náà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹni tó ń tu ọkọ̀ náà ni Múfútáù, Múfú ọ̀rẹ́ mi, tó máa ń gbé àwọn ìyá ọlọ́jà àti ẹrù wọn láti Ìbíadé lọ sí Ẹ̀fìrẹ̀ àti àwọn abúlé etí ọ̀sà. Kí n tó dé èbúté lọ́jọ́ kejì, ó ti lọ. Oòrùn mú, ọ̀dà rọ̀, omi wọlé. Gàrí, iyọ̀ àti agbọ̀n ẹja, gbogbo rẹ̀ ló rì. Ìyá ọlọ́jà méjì ló wà níbẹ̀. Múfú fa ọ̀kan dé ilẹ̀, èkejì lúwẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú, alihamudulilahi.

Àmọ́ nígbà tí wọ́n padà dé èbúté, wọ́n ní Múfú ló kó ẹrù jù, ojúkòkòrò ló ń ṣe é. Wọ́n sọ ọ́ níṣojú gbogbo ayé, èmi náà sì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n fa ọkọ̀ náà jáde, mo ní kí wọ́n gbé e wá fún mi kí n bá wọn tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé ọ̀gá mi, mo kan igi wọnú ihò náà, mo fi ọ̀dà kùn ún. Nígbà tí àwọn àgbà èbúté wá wo ọkọ̀ náà, kò síbi tó ń jò. Ọ̀rọ̀ sì parí sí Múfú lọ́rùn.

Kò sẹ́ni tó gbé ẹrù fún un mọ́. Ó kó lọ sí Ẹ̀fìrẹ̀, ó ń fi ìwọ̀ pẹja, ó ń gbin ẹ̀gẹ́. Èmi náà ò lè kan ọkọ̀ mọ́. Bí mo bá ti gbé irin ṣóńṣó, ojú rẹ̀ ni mo ń rí. Mo bá kó wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó, mo ń ṣe ilẹ̀kùn. Ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ nìyẹn.

O rí i báyìí pé bí mo ṣe ní kí o má nu nǹkan kan, kì í ṣe ìwàásù. Àmì tó wà lára kọ̀ǹpútà rẹ yẹn nìkan ni ẹ̀rí tí Démọ́lá ní láyé yìí. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ìwọ tí o mọ iṣẹ́ yẹ kí o ti rò. Ilẹ̀kùn ti tì, ó dára. Bí omi bá ti wọlé ńkọ́? Ọ̀gá yín kò mọ ọjọ́ tí ilẹ̀kùn náà ṣí, nítorí náà kò mọ ọjọ́ tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn tó wọlé tó jáde. Ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n. Bí o bá dákẹ́, wọ́n á máa wá nínú òkùnkùn, orúkọ aboyún yẹn á sì wà níta bó bá ṣe pé olè ti gbé e. Démọ́lá nìkan kọ́ ni ìdákẹ́jẹ́ rẹ ń pa lára.

Èkejì. Lọ bá ọ̀gá rẹ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí ó ku ìwọ àti òun. Má bẹ̀rẹ̀ látorí òjò, má bẹ̀rẹ̀ látorí iṣẹ́ tó pọ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ kí ó jẹ́: "Démọ́lá kọ́, èmi ni." Lẹ́yìn náà ni kí o wá sọ ọjọ́ tí o ṣí i, ohun tí o fi ṣí i, àti ohun tí o ṣe níbẹ̀. Gbé kọ̀ǹpútà rẹ dání lọ. Bó bá fẹ́ bínú, jẹ́ kí ó bínú tẹ́rùn. Òtítọ́ korò, àmọ́ ẹni tó bá gbé e mì kì í kú.

Mo ní kí ó ku ìwọ àti òun nítorí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo rí ọkọ̀ bàbá kan ní Ìbíadé tí ìdí rẹ̀ ti jẹrà. Àwọn àna bàbá náà ló wá kí wọn lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn to sí èbúté. Ṣé èmi wò bẹ́ẹ̀? Mo lọgun láti òkèèrè: "Bàbá, ọkọ̀ yín ti jẹrà o! Ẹ má gbé èèyàn sínú ẹ̀ o!" Bàbá yẹn wò mí, wọ́n ní, "Ọkọ̀ bàbá tìẹ ló jẹrà." Òótọ́ ni mo sọ, ọmọ mi, àmọ́ odindi ọdún kan ni bàbá yẹn fi ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ náà, tí wọn ò gbé e wá fún àtúnṣe, nítorí kí n má baà jàre. Ìwọ náà, ojoojúmọ́ ni wàá máa rí ibi tí iṣẹ́ ẹlòmíràn ti jẹrà. Lọ bá ẹni tó ni ín ní kọ̀rọ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, sọ bí ó ṣe lè tún un ṣe, fún un láyè, kí o sì padà lọ wò ó. Má fi ihò ẹlòmíràn ṣe fújà.

Ẹ̀kẹta: má lọ yẹ ohun tí wọn ò pè ọ́ sí wò. O sọ fún mi nígbà kan pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kan máa ń ta tẹ́tẹ́ lórí ẹni tó lè kọ́kọ́ wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé iṣẹ́ tí kì í ṣe tiwọn, pé àwọn kàn fẹ́ mọ̀ ni, àwọn ò ní mú nǹkan kan. Àpá tó wà lókè ojú mi ọ̀tún, tí mo sọ fún yín pé ọmọlanke ló gbá mi, irọ́ kejì nìyẹn. Ọkọ̀ tuntun kan ló gúnlẹ̀ sí Ìbíadé, mo sì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe so pákó rẹ̀ pọ̀. Mo wọ inú rẹ̀ láìbéèrè, mo dojú bolẹ̀, mo ń fọwọ́ wá ìṣó. Ẹni tó ni ín dé, ó rí olè nínú ọkọ̀ òun, ó sì gbé àjẹ̀ tí ó fi ń tukọ̀. Kí n tó ṣàlàyé pé iṣẹ́ ọwọ́ ni mo ń wò, ẹ̀jẹ̀ ti bò mí lójú. Mi ò bá a jà. Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ tèmi ni, èmi náà ì bá fi àjẹ̀ gbá ẹni tí mo bá nínú rẹ̀. Gba àṣẹ, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí o tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Bí wọn ò bá kọ ọ́, jókòó sílé.

Ẹ̀kẹrin ni pé bí ẹ bá dí ihò, ẹ bi ara yín bí ó ṣe débẹ̀. Ìwọ ló ṣí ilẹ̀kùn, mi ò ní bá ọ gbé e sórí ẹlòmíràn. Àmọ́ ta ló ní kí èèyàn mẹ́rin máa jẹ́ orúkọ kan? Bí kálukú bá ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ọ̀gá yín ì bá má ṣi Démọ́lá mú. Ìyẹn ni igi tó yẹ kí ẹ kàn sínú ihò náà, títi ilẹ̀kùn kàn jẹ́ ọ̀dà. Kọ ọ́ sílẹ̀ kí o tó lọ: orúkọ kan fún ẹnì kan, ìwé tí a ó máa kọ ilẹ̀kùn ìdánwò sí, ọjọ́ tí a ó tì í, àti ẹni tí yóò wá wò ó pé ó ti tì. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Bó o bá gbé àléébù rẹ lọ bá wọn, tí o tún gbé àtúnṣe lọ́wọ́ kejì, ó dá mi lójú pé ọ̀gá tó bá ní làákàyè á fetí sí ọ.

Kí n má gbàgbé: ìwọ lo kọ́ mi pé ọjọ́ tí àwọn tó ṣe sọ́fítíwià bá kéde àtúnṣe ni olè náà ń mọ ibi tí ihò wà, nítorí wọ́n jọ ń ka ìkéde kan náà ni. Nítorí náà, ẹ má máa sọ pé "bó bá di ọ̀la." Mo ti sọ ọ̀la tèmi fún ọ.

Mo rò pé mo ti parí ìwé yìí níhìn-ín. Mo gbé e wọlé, mo kà á sétí ìyá rẹ. O mọ ìyá rẹ, kò já lu ọ̀rọ̀ mi títí mo fi kà á tán. Ó rẹ́rìn-ín níbi ọ̀rọ̀ àjẹ̀. Ó wá ní:

"Ó dáa gan-an. Bàbá Ràṣí, kí ni Múfú wí nígbà tí ẹ fọ̀ ọ́ fún un pé ẹ̀yin ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká bébà náà.

"Ẹ̀yin ọ̀ tíì fọ̀ ọ́ fún un?"

Mo ní ọ̀nà Ẹ̀fìrẹ̀ jìn. Mo ní mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì wà láyé.

"Ẹ wá ń rán ọma mi rè síbi tí ẹ̀yin ọ̀ lè rè?" Ó dìde, ó lọ gbé ẹ̀wù mi jáde, ó sì gbé e sórí àga. Ojú tì mí, Ràṣídátù. Ọkùnrin tó ti di bàbá àgbà, ojú tì mí bí ọmọdé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́.

Mo ti lọ, mo ti dé. Ọ̀kadà gbé mi dé gáréèjì, ọkọ̀ gbé mi dé Ìbíadé, mo sì tún gun ọ̀kadà mìíràn dé Ẹ̀fìrẹ̀. Mo bá Múfú níwájú ilé rẹ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Orí rẹ̀ ti funfun, àmọ́ èjìká rẹ̀ ṣì fẹ̀ bíi tàtijọ́.

"Rájí!" ó ní. "Ará òkè! Ọ̀nà ló ṣì ọ́ ni?"

Mo jókòó. Ó ní kí wọ́n bu omi fún mi, mo ní n ò tíì ní mu ún. Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe kọ ọ́ sókè yìí, láti orí irin ṣóńṣó títí dé ẹ̀yìn ilé ọ̀gá mi. Mo kọ́kọ́ sọ pé, "Ìwọ kọ́, èmi ni," nítorí ohun tí mo ní kí o sọ nìyẹn, mo sì fẹ́ mọ bó ṣe wúwo tó. Ó wúwo gan-an ni.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àwọ̀n.

"Apá ibo ni ihò ọ̀hún wà?"

"Apá òsì," mo ní. "Níwájú ibi tí o máa ń jókòó sí."

"Apá òsì." Ó mi orí. "Ibẹ̀ lomi ti ń wọlé. Mo rí i. Mo fọ̀ ọ́ fún wọn ní èbúté pé omi ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, wọ́n ní irọ́ ni. Nígbà tí ìwọ gbé ọkọ̀ jáde, mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹ̀, mo fọwọ́ wá a, mi ò rí i." Ohùn rẹ̀ yí padà. "Rájí, ó dé ibì kan tí èmi alára gbà pé irọ́ ni mo pa. Mo ní bóyá lóòótọ́ ni mo kó ẹrù jù."

Ràṣídátù, gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo rò pé iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé mo ti gba ojú ara rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sunkún níbẹ̀, mi ò sì ní fi pamọ́ fún ọ.

Mo bẹ̀ ẹ́. Kò sọ pé òun gbà, kò sọ pé òun kọ̀. Ó yí ọrùn sẹ́yìn, ó pe àwọn ará ilé rẹ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀ méjì jáde, ìyàwó ọ̀kan nínú wọn jáde, àwọn ọmọ-ọmọ mẹ́rin náà jáde. Ìyàwó rẹ̀ ti ilé ìdáná bọ̀ pẹ̀lú èéfín lójú, ó ń nu ọwọ́. Wọ́n dúró yí wa ká, wọ́n ń wò mí, wọn ò mọ ẹni tí mo jẹ́.

"Tún un fọ̀, Rájí," ó ní. "Kí dede wọn, tọmọ tìyàwó, gbọ́."

Mo tún un sọ. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín lójijì, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Àwọn òbí mi ní kí n má fẹ́ olójúkòkòrò!" Ni gbogbo ilé bá ń rẹ́rìn-ín, Múfú náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo tó mu omi tí wọ́n bù fún mi. Wọ́n fún mi ní ẹja yíyan bọ̀, ìyá rẹ ń sè é lọ́wọ́ báyìí tí mo ń kọ ìwé. Múfú ní òun ń bọ̀ wá wo ilẹ̀kùn mi nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá wọlé tán, kí òun lè mọ̀ bóyá wọ́n ní ihò.

Ọmọ mi, mi ò lè sọ fún ọ pé wọn ò ní yọ ọ́ níṣẹ́. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ilé ń bẹ, iṣẹ́ mìíràn á sì wá, nítorí o mọ iṣẹ́ yìí. Ọkàn mi sọ fún mi pé wọn ò ní yọ ọ́. Mo fi ọ́ yangàn láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo sì fi ọ́ yangàn nísinsìnyí, nítorí pé ẹni tó fẹ́ dákẹ́ kì í pe bàbá rẹ̀.

Àmọ́ mo fẹ́ kí o fa igi lé ohun kan nínú ohun tí mo kọ lánàá. Mo ní kí ó ku ìwọ àti ọ̀gá rẹ. Ìyẹn dára fún ihò tí o bá rí nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn. Èyí tí ọwọ́ tìrẹ lù, tí wọ́n torí rẹ̀ bú Démọ́lá níṣojú gbogbo ọ́fíìsì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀. Sọ fún ọ̀gá rẹ kí ó pe Démọ́lá wá sí ìpàdé náà. Kí gbogbo àwọn tó gbọ́ ti ọjọ́ Ajé tó kọjá jókòó. Dìde dúró, kí o sọ ọ́. Tí o bá sọ ọ́ tán, wo ojú Démọ́lá, kí o bi í bóyá ó fẹ́ kí o tún un sọ.

Èmi bàbá rẹ,
Rájí.